Ìmọ́lẹ̀ Pupa Orí Itan Màmá

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Gíláàsì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta.

Ìyá Ẹ̀rín, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni nǹkan? Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ rẹ tó yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ńkọ́, ṣé ó ti ń gba bàtà báyìí? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í dáhùn ìkíni títí yóò fi mu tíì? Ọmọ rẹ obìnrin tó ní òun fẹ́ máa wa ọkọ̀ òfurufú, ṣé ó ṣì wà lókè níbẹ̀, àbí ó ti sọ̀kalẹ̀? Mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìfaradà òtútù tó o sọ pé ó ń gé yín jẹ.

Bí o bá béèrè tiwa, ẹ̀mí wà. Màmá ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń bá mi jà lórí iyọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Èmi náà wà, pẹ̀lú pílásítà mẹ́ta lọ́wọ́ òsì àti ẹyọ kan lọ́tùn-ún, nítorí náà orúkọ tó o sọ mí ṣì bá mi mu. Lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ mí lọ́wọ́. Má bínú pé n ò fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jókòó láti kọ̀wé sí ọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kí ọ tán tí mo sì fa ìwé ya. Nǹkan kan wà tí mo ṣe. Ẹyẹ tí mo fún ọ nígbà tó o ń kó lọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìwọ ò sì mọ̀.

O rántí fèrèsé pupa tó wà ní pálọ̀ òkè, èyí tó o máa ń sọ pé ó ń sọ ojú gbogbo wa di tòmátì bí oòrùn bá ti yí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é lọ́dún tí dókítà sọ fún wa pé ojú Màmá yóò máa ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tó bá le ni wọn yóò rí kẹ́yìn. Nígbà tá a délé lọ́jọ́ náà, èmi sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó kó gbogbo gíláàsì pupa tó ti ń fi pamọ́ láti ọdún pípẹ́ jáde, ó sì fi oṣù méjì ṣe òdòdó kan ṣoṣo tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó gbé e sí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì gbé àga Màmá sí iwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́rin bá ti lù, pupa á rọra gun orí itan Màmá, wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni ń yáná. Wọ́n á ní, "Ó ti dé." Ẹ̀gbọ́n mi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìwọ náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ò yé sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn wọn kàn yàtọ̀ díẹ̀ ni, bíi ti ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tó ti ìrìn àjò bọ̀.

O mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gé gíláàsì. Màmá ló ń fi tépù bàbà di etí ẹyọ kọ̀ọ̀kan yíká. Èmi ló ń yọ́ òjé sójú oríkèé wọn títí yóò fi di yẹtí, tàbí àpótí kékeré, tàbí ẹyẹ tí wọ́n ń so mọ́ fèrèsé. Lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n mi, mo di agégíláàsì àti ayọ́jé pọ̀. Màmá ò fi tiwọn sílẹ̀. Ojú lọ, ìka ò lọ. Láràárọ̀ ni mo ń gbé abọ́ gíláàsì gòkè fún wọn, wọ́n á sì di tépù mọ́ ọn láìsí pé ibì kan wọ́, wọ́n á tún máa sọ fún mi pé mo lọ etí èyí jù, pé tọ̀hún ṣì lè ṣá èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi pé etí la fi ń gé gíláàsì, kì í ṣe ojú. Bí ọ̀bẹ bá wọlé dáadáa, gíláàsì á máa dún bí ẹni ń fa síìpù. Àwọ̀ ewé ń dún wúwo, àwọ̀ oyin ń dún rọ̀. Pupa tó fi ṣe òdòdó yẹn le ju gbogbo wọn lọ, ó máa ń ké tínrín, eyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ro èèyàn. Kò sí òmíràn tó ń ké bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti tì, a ò sì rí irú rẹ̀ rà mọ́ níbikíbi.

Jẹ́ kí n wá sọ òótọ́ tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo jowú fèrèsé yẹn. Ọdún kan àbọ̀ péré ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí, láti kékeré ni mo ti kọ̀ láti máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ìgbátí Màmá lórí ọ̀rọ̀ náà kò sì lóǹkà. Oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó rí yẹtí tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, á ní ó dára, á ní mo káre. Ṣùgbọ́n bí ó bá gòkè wá kí Màmá, tó rí fèrèsé, á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo ń jowú. Ẹnikẹ́ni ò dákẹ́ fún iṣẹ́ mi rí. Ó ti kú tán, ó ṣì ń gba ìdákẹ́ àwọn èèyàn níwájú mi.

Nígbà òjò tó kọjá, ìjì mi férémù, ewé òdòdó kan sì sán. Mo gbé fèrèsé náà sọ̀kalẹ̀ láti tún un ṣe, mo fi gíláàsì lásán dí ojú ibẹ̀, mo sọ fún Màmá pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin kan tó ń ta ẹ̀bùn fún àwọn arìnrìn-àjò wọlé wá. Ó rí òdòdó náà lórí tábìlì, ó fọwọ́ kàn án, ó ní bí mo bá lè fi irú pupa yìí ṣe yẹtí àti ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn, iye tí mo bá ṣe ni òun yóò gbà. Mo ní kò sí. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo ń wo ewé tó sán. Mo ní, ó ṣáà ti sán tẹ́lẹ̀, kí n mú un nìkan. Mo tan rédíò sókè, mo sì gé e. Yẹtí tó jáde nínú rẹ̀, Ìyá Ẹ̀rín, n ò ṣe irú rẹ̀ rí láyé mi. Ni mo bá mú ewé kejì. Mo ń sọ fún ara mi pé ojú Màmá ti ṣú tán, pé fèrèsé àti ògiri ti di ọ̀kan náà fún wọn. N kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá béèrè lè gbọ́ ìdáhùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, òdòdó tán. Mo gé e sí ẹyọ mọ́kànlélógójì.

N ò gbé ìkankan nínú wọn gòkè fún Màmá láti dì. Pupa yẹn ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìka wọn ì bá dá a mọ̀ kíá. Èmi fúnra mi ni mo dì wọ́n, tépù wọ́ káàkiri, mo sì fi òjé bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo wá kà wọ́n, ogójì ni mo rí. Mo wá abẹ́ tábìlì, mo wá inú garawa ìdọ̀tí, mo gbọn aṣọ iṣẹ́ mi. Ẹyọ kan ti poora. Mo ní bóyá ó fọ́, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Obìnrin náà kó díẹ̀ nínú wọn, mo ta ìyókù fún àwọn ará ìlú ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì tà bí ẹni ń ta omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹyọ kan ni mo yọ sọ́tọ̀ nígbà tó o ń kó lọ. Òun ni mo fi ṣe àyà ẹyẹ tó wà ní fèrèsé kíṣìnì rẹ.

Láti ìgbà náà ni n ò ti ní ìsinmi. N ò mọ̀ pé ìlú yìí kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo wà lórí ìlà ní báńkì, obìnrin iwájú mi yí ọrùn, pupa bọ́ sí èjìká rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Mo lọ gba oògùn fún Màmá, ó ń mì lójú etí nọ́ọ̀sì. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta so tirẹ̀ mọ́ iwájú dígí rẹ̀, bí mo bá ti ń kọjá lórí ọ̀nà lọ́hùn-ún, á ju pupa sí mi lójú. Ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò náà fi tirẹ̀ kọ́ inú ọkọ̀, ọkọ̀ náà ò sì mọ ọ̀nà méjì ju iwájú ṣọ́ọ̀bù wa lọ, á máa sáré, á máa kú, á máa ta gìrì. Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Mo wá ń gba ẹ̀yìn ilé rìn nínú ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Nínú ilé ńkọ́? Aago mẹ́rin ló burú jù. Fèrèsé ti di gíláàsì lásán, oòrùn tó ń wọlé funfun bíi ti ilé ẹjọ́, síbẹ̀ Màmá á tẹ́ ọwọ́ sórí itan, wọ́n á ní, "Ó ti dé." Mo máa ń wà nísàlẹ̀, màá gbọ́ ọ, irin ìyọ́jé á sì dúró lọ́wọ́ mi. Wọn kì í béèrè bóyá mo ti tún fèrèsé ṣe. Oṣù mẹ́ta kọjá, wọn ò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ì bá sàn kí wọ́n béèrè.

Lọ́jọ́ kan mo gbé tíì gòkè fún wọn. Aago ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mo wo itan Màmá, mo sì rí i. Pupa wà níbẹ̀. Kò tóbi, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ó jókòó sórí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó ń mí. Mo wo fèrèsé, gíláàsì lásán ni. Mo tún wo itan wọn, ó ṣì wà níbẹ̀. N ò mọ ìgbà tí kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ mi, n ò mọ bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń pè, mo sì ń fi "ẹ" bẹ̀ ẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́," èmi tí n ò fi "ẹ" pè é rí nígbà tó wà láàyè.

Lọ́jọ́ kejì ni mo mú ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí nítorí àtúnṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà, kí n tún òdòdó náà tò kí n tó di wèrè. Mo purọ́ pé òjé tí mo lò ò dára, pé kí wọ́n gba tuntun. Àwọn kan gbà. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ méjèèjì bo etí bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́, ó ní kí n máa lọ. Onígbàjámọ̀ ní àfi bí mo bá fẹ́ gba orí òun pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ mi. Mo yọ́ òjé wọn kúrò, mo ṣí tépù, mo tò wọ́n sórí bébà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ya òdòdó náà. Wọn ò bá ara wọn mu. Ó yẹ kí n ti mọ̀, iṣẹ́ mi ni. Gíláàsì tí ọ̀bẹ ti kọjá lára rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ti lọ etí rẹ̀, ti di ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ̀rọ lọ̀ dànù, omi ló gbé e lọ. Mo ń tò ó, mo ń tú u, ẹyọ mẹ́sàn-án ò lè di ewé kan ṣoṣo.

Ìgbà náà ni ohùn Màmá wá láti òkè. Wọ́n ní, "Bó o bá tò ó tán, gbé e wá kí n dì í. Tépù tó o fi dì í lọ́jọ́sí, ó dájú pé ó wọ́."

Mo gòkè. Wọ́n na ọwọ́ wọn jáde lábẹ́ aṣọ, wọ́n ṣí i. Ẹyọ pupa kan wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ wọn, tépù bàbà yí i ká láìsí pé ibì kan wọ́. Ẹyọ kọkànlélógójì. O mọ̀ pé gíláàsì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀rọ ìlọ̀ bọ̀ máa ń funfun bí ohun tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí, gbogbo àwọ̀ á di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó o mọ́ àwọn àwọ̀ ewé láìmọ̀, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé e gòkè nínú abọ́ wọn. Òun ni wọ́n ń dì mú sí oòrùn lágogo mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ mi, itan wọn ni mo ń wò, n ò wo ọwọ́ wọn.

Wọ́n ní kì í ṣe ẹyọ yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún wọn. Wọ́n ní rédíò tí mo tan sókè ló jẹ́ kí àwọn tẹ́tí, nítorí n kì í tan rédíò bí mo bá ń gé gíláàsì. Lábẹ́ orin ni wọ́n ti gbọ́ bí pupa ṣe ń ké. Gbogbo ìgbà tó ké ni wọ́n kà, fún ọjọ́ mẹ́rin, lórí àga yẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò pè mí. Wọ́n ní àwọn ń dúró dè mí ni, àwọn rò pé màá gòkè wá sọ. Mo ní mo rò pé wọn ò ríran mọ́ rárá. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ìdákẹ́ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí, Ìyá Ẹ̀rín, mo gbà á lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá ní, "Pupa nìkan ló kù tí mo ń rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ kú lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ wá gé e wẹ́wẹ́, o tún ń tà á."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, n ò rántí kúnlẹ̀. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ń tutù lábẹ́ ojú mi. Wọn ò sọ pé kí n dìde, wọn ò sì sọ pé kí n má dìde. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n dá àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà fún àwọn tó ni wọ́n. Màmá fúnra wọn ló dì wọ́n, mo yọ́ òjé wọn, mo dá wọn padà. Mo bẹ̀bẹ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn oníbàárà náà ti gbà pé orí mi ò pé mọ́, ó sì rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń bẹ̀ mí. Lójoojúmọ́, kí aago tó lu mẹ́rin, mo gbọ́dọ̀ ti lọ wo ẹyọ kan níbi tó wà. Bí aago bá lù, wọ́n á bi mí pé, "Tòní ńkọ́?" Màá sì sọ ibi tí pupa bọ́ sí, lára ta ni, kí ni ẹni náà ń ṣe. Wọn ò gba irọ́, wọn ò gba "bóyá". Mo ti sọ ti nọ́ọ̀sì fún wọn, bó ṣe ń rìn lórí ìwé tó ń kọ. Mo sọ ti onígbàjámọ̀, pé ó bọ́ sí orí arúgbó kan tó pá, tí ẹ̀rín sì pa wá. Mo wọ ọkọ̀ olùkọ́ mọ́tò, mo sanwó ẹ̀kọ́, ọjọ́ náà ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ògiri nítorí orí itan akẹ́kọ̀ọ́ ni pupa ń bọ́ sí, òun ni mo ń wò, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ni èmi. Obìnrin tó ń ta ẹ̀bùn bá mi wá àwọn tí arìnrìn-àjò gbé lọ, wọ́n fèsì, ọ̀kan tilẹ̀ wà létí òkun. Màmá á fetí sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti dé," a ó sì jọ jókòó títí oòrùn yóò fi kúrò. N ò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí. N ò tíì béèrè.

Lánàá la parí ẹyọ kọkàndínlógójì. Tìrẹ ló kù. Mo fi ṣe ìkẹyìn nítorí ojú rẹ ń tì mí ju tàwọn yòókù lọ, ìwọ tó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, tó o ní ẹyẹ náà dà bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Má dá a padà, jọ̀ọ́. Má sì gbé e kúrò níbi tó wà. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o jókòó ní kíṣìnì rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, kí o wo ibi tí pupa àyà rẹ̀ bá bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ara ògiri ni, sọ fún mi. Bí ó bá jẹ́ orí ọmọ rẹ ni, tàbí inú kọ́ọ̀bù tíì bàbá àwọn ọmọ, sọ fún mi. Má fi nǹkan kan kún un.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Kí ìyá ọkọ rẹ fún mi, sọ pé mo mọ rírì ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n hun fún Màmá. Tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn, má sáré lórí àtẹ̀gùn. Mo ní láti dúró níbí nítorí aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, mo sì ń gbọ́ tí Màmá ń fa àga wọn sún mọ́ fèrèsé. Nígbà tí mo sọ fún wọn láàárọ̀ yìí pé mo ń kọ̀wé sí ọ, wọ́n tẹ́ ọwọ́ sórí itan, wọ́n ní a ò ní fi nǹkan mìíràn dí ojú fèrèsé títí ìwé rẹ yóò fi dé, bó ti wù kó pẹ́ tó. Wọ́n ní, "Ó ku ẹyọ kan tí kò tíì délé."

Èmi ni tìrẹ tó ń retí ìwé rẹ,

Onípílásítà.